Ọjọ́ tí A Kọrin fún Àga

Fún wákàtí kan àtààbọ̀ gbáko, àga la kọrin fún.

Mi ò ṣàwàdà. Èèyàn kún gbọ̀ngàn náà, wọ́n lé ní igba. Gèlè ga, agbádá balẹ̀, aṣọ ẹbí búlúù ń dán káàkiri. Ṣùgbọ́n ojú agbo tó wà níwájú wa mọ́ tónítóní bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún. Bẹ́ẹ̀ a ò kọrin burúkú. Ó ti pé ọdún 14 tí mo ti ń lu àkúbà nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú kan n'Íbàdàn, mo mọ ọjọ́ tí a bá ṣe é tì. Ọjọ́ yẹn kọ́. Ohùn ọ̀gá wa já gaara, jìtá bá ara wọn mu, kò sẹ́ni tó ṣìnà nínú orin. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé láàárín wákàtí mẹ́rin tí a lò níbẹ̀, a rí àìjó, a rí ijó, a rí ijó tó kú mọ́ wa lójú, a sì tún rí i tó jí. Gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nínú ilé kan ṣoṣo, pẹ̀lú àwọn èèyàn kan náà. Ó ṣòro kí onílù tó rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ láti mọ ohun tó ń gbé èèyàn dìde lórí àga.

Òde ọjọ́ ìbí ni, Màmá kan ló pé ẹni 80 ọdún. Ọjọ́ Sátidé. Gbọ̀ngàn náà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń kọ́ báyìí: táìlì nílẹ̀, dígí lára ògiri, POP lókè. Kò sí ohunkóhun tó ń mu ohùn níbẹ̀. Bí èèyàn bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa gbọ́ ọ. Àwa 11 la lọ. Jìtá mẹ́ta, ọ̀gá wa wà lára wọn. Gángan méjì. Èmi lórí àkúbà, ẹnìkan lórí ìlù òyìnbó, ẹnìkan lórí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin méjì tó ń gbe orin, àti ọmọkùnrin kan lórí kíbọ́ọ̀dù. Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ni. Ó mọṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ. Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin. Màmá ọlọ́jọ́ ìbí àti àwọn ọmọ wọn jó wọlé, ìyẹn ò sí nínú àkàsílẹ̀ torí pé dandan ni. Bí wọ́n ṣe jókòó tán, ó parí. Ọ̀gá wa ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n ń dúró dè." Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tí í fi iyán sílẹ̀ jó. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n ti kó àwo nílẹ̀, ẹran ti di egungun, wọ́n ti nu ọwọ́. Wọn ò dìde.

A ní bóyá orin ni. A kọ èyí tí àwọn àgbà mọ̀, a kọ tàwọn ọ̀dọ́, a fi orin ìyìn kan kún un. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé wọ́n ń bá wa kọ ọ́! Wọ́n mọ gbogbo ẹsẹ̀ orin, wọ́n ń mi orí, àwọn kan tiẹ̀ ń fi fóònù ká wa sílẹ̀. Ẹnu ń ṣiṣẹ́, ìdí ò kúrò lórí àga. Torí náà kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn orin náà. Èyí ṣe pàtàkì, torí ohun tí ọ̀pọ̀ olórin máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi nìyẹn: wọ́n á ní àwọn èèyàn ò mọ orin rere.

Lẹ́yìn náà la ní kí ẹni tó ń bójú tó míkísà fi ohùn kún un. Ó fi kún un. Àwọn obìnrin méjì tó wà ní tábìlì iwájú ti ìka bọ etí. Bàbá kan gbé àga ẹ̀, ó sún un lọ sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n máa ń ní ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló máa ya. Tiwa ò ya, àwọn èèyàn ni wọ́n ń yà kúrò níwájú wa.

Alága ìjókòó ọjọ́ náà ṣe gbogbo ohun tí ẹnu lè ṣe. Ó bẹ̀ wọ́n, ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹni tí kò bá bá Màmá jó, tiẹ̀ náà, wọn ò ní bá a jó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Wọ́n jókòó síbẹ̀.

Láago márùn-ún ààbọ̀, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Iná NEPA ti lọ láti àárọ̀. Gbogbo nǹkan dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan: sípíkà, jìtá, kíbọ́ọ̀dù, fáànù. Ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń tẹ̀lé ariwo ńlá, bí ẹni pé etí fẹ́ wú. Ọmọ kan bú sẹ́kún lápá ibì kan. Ẹni tó gba òde fún wa sáré jáde, ó ń pariwo mọ́ ẹni tó yẹ kó ra epo. Ọ̀gá wa fi jìtá sílẹ̀, wọ́n ń wá omi mu.

Bàbá tó ń lu gángan fún wa, ìdílé àyàn ni wọ́n ti wá, l'Ọ́yọ̀ọ́. Wọ́n ti lé ní ẹni 60 ọdún. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n tò wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, máìkì wọn sì dojú kọ ibòmíràn, bóyá ni ẹnikẹ́ni gbọ́ wọn láti aago mẹ́rin. Wọ́n gbé gángan há abíyá, wọ́n fún ọsán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń dán ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò bóyá ó ti pọ́n, wọ́n mú kọ̀ǹgọ́, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ tọ̀ ni.

Wọ́n lọ bá tábìlì kẹta lápá òsì. Àwọn ìyá àgbàlagbà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga, ó ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú díẹ̀. Ẹni tí gbogbo ara ẹ̀ ń sọ pé òun ò jó nìyẹn. Òun gan-an ni Bàbá dúró síwájú ẹ̀.

Gángan fọhùn: Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlọ́fà mọjọ̀.

Ìyá náà yíjú. Lẹ́yìn òde ni Bàbá tó sọ fún mi pé ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ni àwọn ti gbọ́ tí ẹnìkan kí Ìyá ní ará Ọ̀fà. Wọ́n ti fi í pamọ́ sínú láti ìgbà náà. Ìlù tún sọ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ onílù yìí, orúnkún tèmi ò lè ja ìjàkadì kankan mọ́ o." Àwọn tó kù ní tábìlì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ onílù á ti gba owó díẹ̀, kí wọ́n sì bọ́ sí tábìlì mìíràn nìyẹn. Bàbá ò lọ. Mo ti súnmọ́ wọn nígbà náà, mo sì rí ohun tí mi ò rí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 9 la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ojú Bàbá ò sí lójú Ìyá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá gbéra, ó balẹ̀. Bàbá lu ìró kan, ó bọ́ sórí àtàǹpàkò yẹn gẹ́lẹ́. Àtàǹpàkò tún gbéra, ó pẹ́ lókè díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá dúró dè é, ìró náà sì tún bá a nílẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, Bàbá gbé kọ̀ǹgọ́ sókè, wọn ò lù ú. Wọ́n fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Gìgísẹ̀ Ìyá ló kún un, pọ̀ọ́, lórí táìlì.

Ìyá wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín.

Bàbá fi ẹ̀yìn rìn sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan. Ìlù ò dúró. Wọ́n tún sún ìgbésẹ̀ kan, bí ẹni ń fi àgbàdo pe adìyẹ. Ìyá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ọ̀pá, ó dìde. Kò fò, kò ju apá. Èjìká ló fi bẹ̀rẹ̀, òsì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pá rẹ̀ ń kan ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kò bá lè dé. Bàbá gbọ́ ọ̀pá náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù dá ọ̀pá lóhùn. Bí Ìyá bá fi ọ̀pá kan ilẹ̀ kó, kó, gángan á ní kó, kó. Bí Ìyá bá dáwọ́ dúró láti mí, gángan á máa kùn lábẹ́lẹ̀ dè é.

Gángan kejì ti wọlé nígbà náà, ó ń lu ohun kan náà láìyí padà kí Bàbá lè rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí. Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Èmi náà gbé àkúbà kan wá. Kò sí máìkì, kò sí iná, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń gba fèrèsé wọlé. Àwọn ìyá márùn-ún tó kù ní tábìlì yẹn ló kọ́kọ́ dìde, bí ẹni fẹ́ di Ìyá Ọ̀fà mú kó má ṣubú, àmọ́ èmi mọ̀ pé irọ́ ni. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ Màmá ọlọ́jọ́ ìbí. Lẹ́yìn náà, mi ò lè kà á mọ́. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ó ti lé ní 50 èèyàn tó wà lójú agbo. Òógùn ń ro, fáànù ò ṣiṣẹ́, owó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí Ìyá, kò sẹ́ni tó bèèrè iná.

Bí ìtàn yìí bá parí síbí, ẹnìkan lè ní ìdákẹ́jẹ́ ló jí wọn, tàbí oríkì ló wú wọn lórí. Apá kan òótọ́ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀.

Iná dé láago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n hó yèè. Inú wa dùn, gbogbo wa padà sórí pèpéle, ọ̀gá wa mú orin tó gbóná jù lọ nínú àpò wa, a sì kọ lù ú. Orin àkọ́kọ́, gbogbo wọn wà lójú agbo. Orin kejì, ó ti ń tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ọ̀fà ti jókòó. Nígbà tí a dé àárín orin kẹta, kò ju nǹkan bí èèyàn 15 lọ, àwọn yẹn gan-an ń mi ara bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ ni.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fura, torí mo ń gbìyànjú láti ṣe bíi ti Bàbá. Ìyá kan tó wọ ìró àdìrẹ ń jó lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo fẹ́ dúró de ẹsẹ̀ ẹ̀. Mi ò lè dúró. Bí mo bá fẹ́ fi àyè kan sílẹ̀, nǹkan kan ti kún un kí n tó mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí wá nǹkan ọ̀hún, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, láìdáwọ́ dúró. Mo wo Bàbá. Bàbá ti dáwọ́ ìlù dúró, kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń wò.

Ẹni tó bá ti lọ òde láìpẹ́ á mọ̀ ọ́n. Kíbọ́ọ̀dù ìgbàlódé ní ìlù tirẹ̀ nínú. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì kan, á máa lu ìlù òyìnbó, béèsì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ṣe máa lọ títí di ọ̀la. Ọ̀gá wa gan-an ló rà á bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ tí onílù kan ò bá wá. Láti aago mẹ́rin ló ti ń dún, wọ́n fi í sísàlẹ̀ díẹ̀ kó má baà hàn. Ẹni tó wà lórí ìlù òyìnbó ń tẹ̀lé e, jìtá béèsì ń tẹ̀lé ìlù òyìnbó, èmi ń tẹ̀lé béèsì. Àwa 11 tí a wà láàyè, ẹ̀rọ là ń jó sí. Ẹ̀rọ náà kò sì rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Bàbá rìn lọ bá ọmọ náà, wọ́n na kọ̀ǹgọ́ sí bọ́tìnnì. "Pa á." Ọmọ wo ọ̀gá. Ọ̀gá mi orí pé kó pa á.

Mo ti padà gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀ lórí fóònù, mo sì kà á. Nígbà tí ẹ̀rọ ń lù, 124 ni ẹsẹ̀ ìlù nínú ìṣẹ́jú kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀kan yẹ̀. Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìyá Ọ̀fà, nǹkan bíi 96 ni. Ní òpin alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti tó 112, kò sì sẹ́ni nínú wa tó mọ ìgbà tó gòkè. Àwọn oníjó ló tì í gòkè. Ara wọn gbóná, ẹsẹ̀ yá, ìlù tẹ̀lé wọn. Ìlù yá, ẹsẹ̀ tún tẹ̀lé e. Bí a bá ti ibi 112 bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin, mi ò rò pé Ìyá á gbé àtàǹpàkò kankan.

Ọ̀rọ̀ àyè òfìfo yẹn náà ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ gbọ́ kónkóló tí agogo máa ń lù nínú ọ̀pọ̀ ìlù wa. Bí èèyàn bá pín in sí àyè 12, ìró 5 péré ló wà níbẹ̀. Àyè 7 ṣófo, wọn ò sì ṣófo lọ́gbọọgba, ibì kan fẹ̀ ju ibì kan lọ. Ibi tó fẹ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ máa ń fẹ́ bọ́ sí. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé èyí dání lọ: bàtá mẹ́ta ni wọ́n ń lù níbẹ̀ títí dòní, iyá, itótele àti okónkolo. Okónkolo ló kéré jù, òun ló máa ń di ìlù mú lójú kan kí iyá lè ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa.

Àwọn onímọ̀ náà ti wo ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tiwọn. Ní 2014, Maria Witek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ oríṣiríṣi ìlù, wọ́n ní kí wọ́n sọ èyí tó ń mú ara wọn fẹ́ jó. Ìlù tí gbogbo ìró rẹ̀ bọ́ síbi tí etí ti ń retí ẹ̀ kò wù wọ́n jó tó bẹ́ẹ̀, èyí tó dàrú jù náà kò wù wọ́n. Èyí tó wà láàárín ló gbé wọn: ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó kí o má sọnù, ó sì yẹ̀ tó kí ara rẹ lè ní nǹkan tó máa fi kún un. Nígbà tí mo kà á, mo rí gìgísẹ̀ Ìyá.

Ní yunifásítì McMaster ní Kánádà, wọ́n ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n kọ́ fún irú àyẹ̀wò báyìí. Ní 2019 wọ́n gbé àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde: ẹgbẹ́ èèyàn kan gbọ́ orin olórin kan, Ian Fletcher Thornley, lójúkojú, ẹgbẹ́ mìíràn gbọ́ orin kan náà láti inú àwo rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn kan náà. Orí àwọn tó rí olórin náà lójúkojú mì kíkankíkan ju ti àwọn yòókù. Ọdún 2022 ni wọ́n tún gbé òmíràn jáde. Níbi tí ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Orphx ti ń ṣeré, wọ́n ń tan àwọn sípíkà kan, wọ́n tún ń pa wọ́n. Ohùn àwọn sípíkà yìí rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, láti 8 dé 37 hertz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tí àwọn èèyàn ò fi mọ ìgbà tó wà àti ìgbà tí kò sí. Ṣùgbọ́n ara wọn mọ̀: nígbà tó wà, wọ́n fi ìpín 11.8 nínú ọgọ́rùn-ún jó ju ìgbà tí kò sí lọ.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e yé mi. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ẹ̀rọ, a padà sí ìlù nìkan. Bàbá dúró ní etí pèpéle, wọ́n dojú kọ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, a yí máìkì wọn sí wọn. Ojú agbo bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà. Ṣùgbọ́n obìnrin ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan wà lára ògiri tí wọ́n mú ìgò dání, wọ́n ń wò bí ẹni wá ṣọ́ ilé. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀gá wa na ìka sí ẹni tó ń ta béèsì. Ó wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn mẹ́ta péré, tó ń padà, tó ń dúró, tó tún ń padà. Táìlì gbọ̀n. Mo rí ọkùnrin kan lára ògiri tó wo ìgò ọwọ́ ẹ̀, bí ẹni pé ọtí inú ẹ̀ ló mi, ó wá gbé e sílẹ̀. Wọ́n tú kúrò lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ta sípíkà ẹ̀. Gángan ń pe èèyàn lórúkọ, béèsì ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tí kálukú wọn lè gbé dìde.

Àwọn kan máa ń sọ pé iná mànàmáná ló ba jùjú jẹ́. Mi ò gbà. Nígbà ayé Túndé King l'Ékòó, láàárín ọdún 1930 sí 1939, èèyàn péréte ló máa ń wà nínú ẹgbẹ́ jùjú, torí ìlù púpọ̀ á bo ohùn àti okùn mọ́lẹ̀. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè fi iná sí jìtá ní nǹkan bíi 1949, ọ̀nà là fún ìlù. Gángan ráyè, àkúbà wọlé, wọn ò sì bo akọrin mọ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1963 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá I.K. Dairo lọ́lá, kò sẹ́ni tó tún lè ronú jùjú láìsí gángan. Lẹ́yìn wọn ni Ebenezer Obey àti King Sunny Adé kó onílù jọ bí ọmọ ogun. Iná ló fún onílù láyè nínú jùjú. Ó dùn mí pé àwa tí a gba àyè ọ̀hún la tún fà á lé bọ́tìnnì lọ́wọ́.

Ijó ọjọ́ yẹn kò tán títí di aago mẹ́jọ, tí àwọn tó ni gbọ̀ngàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga. Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́, mo lọ bá Ìyá Ọ̀fà níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọmọ wọn tó fẹ́ wà wọ́n lọ sílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bèèrè ohun tó gbé wọn dìde. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n.

"Ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé kí n má dá a lóhùn ni?"

Ọ̀gá wa pe ìpàdé lọ́jọ́ Ajé. Kò pẹ́. Wọ́n fi téèpù lẹ bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù pa. Ọmọ náà á máa tẹ ohùn tó gbé orin ró nìkan, kò sì jìyàn. Bàbá kúrò lẹ́yìn, wọ́n bọ́ síwájú. A ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tó yá mọ́. A sì pinnu pé kí a tó gun pèpéle, ẹnìkan á kọ́kọ́ rìn yí àwọn tábìlì ká láti mọ ẹni tó wá.

Ó ṣiṣẹ́ lóde méjì tó tẹ̀lé e. Ó kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, l'Ábẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ a ò fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ohun tí a pinnu. Ara Bàbá ò yá lọ́sẹ̀ náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló wá dípò. Ọmọ náà mọ gángan í sọ, kódà ó mọ oríkì tí Bàbá gan-an ò mọ̀, ọwọ́ ẹ̀ yá bí àrá. Ó sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn èèyàn, ó ń ki wọ́n, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn, wọ́n ń yìn ín. Wọ́n jókòó yìn ín. Mo ń wo ojú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin: ọwọ́ tó ń mú owó jáde ló ń wò.

Mo sọ fún Bàbá nígbà tí ara wọn le. Wọn ò bínú, wọn ò sì fèsì. Àmọ́ láti òde tó tẹ̀lé e, ọmọ yẹn ń bá wa lọ láìmú ìlù dání. Wọ́n gbé àpótí kékeré kan fún un, irú èyí tí wọ́n fi ń jókòó fọṣọ, wọ́n sì gbé e sí etí ojú agbo. Láti orí àpótí yẹn, kò sí ohun tó lè rí ju láti orúnkún èèyàn dé ilẹ̀. Ó ti jókòó síbẹ̀ lóde mẹ́ta báyìí. Ní Sátidé tó kọjá, mo rí i tí ọwọ́ òfìfo rẹ̀ gbéra lórí itan, ó dúró lókè, ó ń retí bàtà obìnrin kan kó balẹ̀.